Òdo ni mo kọ síbi owó oṣù: bí mo ṣe rí lọ́yà ọ̀fẹ́ ní Òṣogbo

Bátìrì ọkọ̀ méjì ni wọ́n ní ọmọ àbúrò mi jí níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Májísíréètì gbà á ní béèlì, ṣùgbọ́n a ò rí irú onídùúró tí kóòtù ń fẹ́, ló bá di ẹ̀wọ̀n Iléṣà. Lọ́yà kan lẹ́nu géètì kóòtù, lára àwọn tó ń wá oníbàárà kiri ibẹ̀ tí à ń pè ní "charge and bail", ní kí n mú 120,000 náírà wá. Èmi tí mo ń ta ẹ̀wà ní Ìgbọ̀nà!

Akọ̀wé kóòtù kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ìyá, ṣé ẹ ò mọ Legal Aid ni?"

Mo ti gbọ́ orúkọ wọn rí, mo rò pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni tiwọn. Àṣé àjọ tó ń fún aláìní ní lọ́yà ọ̀fẹ́ ni wọ́n, láti 1976 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn sílẹ̀ nítorí irú wa.

Agùnbánirọ̀ kan tó jẹ́ lọ́yà ló dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì wọn. Mo ti to ẹjọ́ mi sẹ́nu: ọmọ yìí kò jalè rí, ìyá rẹ̀ ti kú. Ó jẹ́ kí n sọ díẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ má bínú, a máa dé ibẹ̀ yẹn. Èló ló ń wọlé fún un lóṣù?" Kò tilẹ̀ bi mí bóyá ó jí i.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi owó oṣù, mo kọ iye tí mò ń pa, mo tún bù mọ́ ọn kí wọ́n má bàa fojú alágbe wò mí. Ó fi bírò pupa fagi lé e.

"Tiyín kọ́, Mọ̀mí. Ti ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ni."

Òfin wọn ti 2011 ló sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ, 70,000 náírà báyìí, ni wọ́n ń ṣojú fún. Owó oúnjẹ nìkan ni ọ̀gá ọmọ náà ń fún un. Mo kọ òdo. Ẹ̀sùn olè jíjà náà sì wà lára èyí tí òfin yọ̀ǹda fún wọn, bíi ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé n kò mú ìwé ẹ̀sùn dání. Nọ́ńbà ẹjọ́ wà lókè rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wá fáìlì. Ọ̀kadà ni mo gùn padà sí kóòtù.

Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ tún pé, lọ́yà wọn kan tó dàgbà díẹ̀ ló dìde, ó ní kí kóòtù dín ohun tó ń fẹ́ fún béèlì náà kù. Adájọ́ gbà. Onílé wa ní Òkè-Baálẹ̀ ló dúró fún un.

Ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì yẹn. 200 náírà fọ́tókọ́pì ni mo san, fún ọmọ tó jókòó sábẹ́ agboòrùn níwájú kóòtù.