Ẹ má pa káàdì rẹ́ kówó géèmù tó padà: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Lórí Steam, ilé ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ra géèmù tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lè gba owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 14, bí kò bá tíì gbá a tó wákàtí 2. Ọjọ́ 14 kì í dààmú ẹnikẹ́ni. Wákàtí 2 yẹn niṣẹ́ wà. Aago náà kò mọ̀ bóyá ẹ ń gbá géèmù ni àbí ẹ ṣí i sílẹ̀ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Bó bá ti wà ní ṣíṣí, ó ń kà. Èyí tó le jù ni géèmù tó ń dáńlóòdù ìyókù ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, irú Microsoft Flight Simulator. Pẹ̀lú nẹ́tíwọọ̀kì ségesège Sùúrùlérè, wákàtí 2 á ti pé kí bàlúù tó gbéra.

Bí kò bá wù yín mọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kẹtàlá. Ẹ wọ help.steampowered.com, ẹ tẹ Purchases, ẹ mú géèmù náà, ẹ ní owó lẹ fẹ́, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí ẹ ti kọjá wákàtí 2 díẹ̀, ẹ ṣì lè béèrè. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kò di dandan kí wọ́n gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi káàdì dọ́là orí fóònù rajà, ẹ gbọ́: ẹ má pa káàdì náà rẹ́ títí owó yóò fi wọlé. Orí káàdì tó sanwó lowó máa ń padà sí. Bó bá ti kú, ẹ̀yin àti ẹni tó ṣe káàdì náà lẹ máa jọ wá owó kiri. Ẹ má sì sáré lọ sí bánkì kọ́kọ́. Bí bánkì bá fagi lé owó náà lẹ́yìn Steam, Steam lè ti àkáǹtì géèmù yín pa, tòun ti gbogbo géèmù tó kù nínú rẹ̀.

Lórí PlayStation, ọjọ́ 14 náà ni, ṣùgbọ́n gbàrà tí dáńlóòdù bá bẹ̀rẹ̀, ó parí, àyàfi bí géèmù bá lábùkù. Ẹ pa auto-download kí ẹ tó sanwó. Google Play, wákàtí 48. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bá ẹni tó ṣe app náà.

Kóòdù ìṣí géèmù tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò kan Steam. Ẹni tó tà á lẹ máa dì mú. Ní Computer Village, Ìkẹjà, kóòdù Windows lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Òfin FCCPA 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà, kó sì gbowó rẹ̀, bó bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà kò sì ṣe é. Nítorí náà, ẹ má dákẹ́ rajà: ẹ sọ kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ lò ó fún, kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Ìwé “a kì í dá owó padà” tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Bí wọ́n bá ṣagídí, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, wà, LASCOPA, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, náà wà níbí.

Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà tẹ kóòdù náà wọlé lójú yín. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ slmgr /dli, ẹ tẹ Enter kí ẹ rí irú kóòdù tó jẹ́. Bó bá kọ RETAIL, ẹ lè gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì lọ́la. OEM ti so mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Bó bá kọ VOLUME, ti ilé iṣẹ́ ni, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní KMS a sì máa kú lẹ́yìn ọjọ́ 180 bí kò bá rí ẹni tún un ṣí. Irú èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà, kí owó yín wà lápò.