Ẹṣin Nínú Ilé Tàbí Ní Pápá Lóru: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tí Ó Ń Sin Ẹṣin Nílẹ̀ Yorùbá

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, tí àwọn ìdílé Balógun ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ti ń múra Ojúde Ọba, wọn a máa kó ẹṣin wá láti Òkè Ọya, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò sin ẹṣin rí. Àwọn ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ lọ́dọọdún, mo sì ti dáhùn wọn títí ó fi sú mi. Nítorí náà ni mo ṣe kọ wọ́n sílẹ̀ síhìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó pè mí.

Ìbéèrè: Ṣé inú ilé ni kí ẹṣin sùn ni, àbí ní pápá?

Ìdáhùn: Nílẹ̀ tiwa níbí, inú ilé ni lóru, pápá sì ni lójú ọ̀sán, bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ ilé náà tí ó sì ń jáde. Àwọn kòkòrò abìyẹ́ kéékèèké kan wà tí wọn kò tó ẹ̀fọn rárá, tí wọ́n ń jẹ ẹṣin láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà kiri, àrùn tí kò ní oògùn tí ó ń wò ó. Ẹ mú ẹṣin wọlé ní nǹkan bíi wákàtí 2 kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ má sì mú un jáde títí oòrùn yóò fi yọ tó wákàtí 2. Eṣinṣin tsetse ní tirẹ̀, ọ̀sán ni ó ń jẹ ẹran, abẹ́ igi etí odò ni ó sì fẹ́ràn. Òun ni ọ̀kan nínú ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ àtijọ́ lè pẹ́ nínú igbó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí koríko tútù etí odò mú yín so ẹṣin mọ́ ibẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìbéèrè: Ẹṣin mi kì í dùbúlẹ̀ lóru.

Ìdáhùn: Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè sùn wọra. Bí ilẹ̀ bá tutù tàbí tí okùn bá kúrú, kò ní dùbúlẹ̀. Yàrá tí ó jẹ́ mítà 3.6 ní gígùn àti ní ìbú ni ó tó ẹṣin ńlá.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú láàárọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ mú un rìn. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, tí wíwú náà sì lọ lẹ́yìn ìrìn, ìdúró ojú kan ni ó fà á. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó gbóná, tí ó sì ń dùn ún, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ìbéèrè: Pátákò rẹ̀ ń rùn, ó sì ń yọ nǹkan dúdú.

Ìdáhùn: Ẹ máa kó ìgbẹ́ àti ibi tí ìtọ̀ bá rin lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa yọ ìdọ̀tí inú pátákò. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí kò gbọdọ̀ ti ẹṣin mọ́lé.

Ìbéèrè: Ó ń ha ilẹ̀kùn jẹ.

Ìdáhùn: Ní pápá, ẹṣin lè fi wákàtí 16 jẹ koríko lójúmọ́. Ẹ̀yin wá fún un ní èèpo ọkà tí ó jẹ tán kíákíá, ẹ sì tì í mọ́lé títí ilẹ̀ fi mọ́. Koríko gbígbẹ ni ẹ fi kún un. Ẹṣin tí ó wọn kílò 300 kò gbọdọ̀ jẹ koríko gbígbẹ tí kò tó kílò 4.5 lójúmọ́. Kí ó sì máa rí ẹṣin mìíràn láti inú yàrá rẹ̀, nítorí pé ìdánìkanwà ń dà á láàmú.

Ìbéèrè: Ó máa ń wúkọ́ lóru nínú ilé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dá ní pápá. Oògùn aràn àti oògùn ikọ́ kò ràn án.

Ìdáhùn: Èyí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí pé ó ti mú mi jà pẹ́. Akọ ẹṣin pupa kan wà lọ́wọ́ mi nígbà kan tí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ gbẹ, tí ó ń jẹun dáadáa, tí kò sì ní ibà. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ikọ́ a bẹ̀rẹ̀, kèlẹ̀bẹ̀ funfun a sì ti wà ní ihò imú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe àrùn tí ó ń ràn, pé eruku ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gbà. Ó kù kí a wá ibi tí eruku náà ti ń wá. Koríko tí ó ń jẹ kò bu, ṣùgbọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ́ sínú omi kí a tó gbé e fún un. Ikọ́ náà dín kù, kò lọ. A fẹ fèrèsé sí i, ó tún dín kù díẹ̀.

Inú yàrá kejì ni ohun tí ó kù wà. Ẹṣin ibẹ̀ ń jẹ ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí ó ti bu nísàlẹ̀ àpò, ògiri tí ó sì la yàrá méjèèjì kò kan òrùlé, nítorí náà orí ògiri ni eruku ń gbà kọjá. A kó ewé ẹ̀pà náà dànù, ikọ́ sì lọ. Nígbà tí ó tún padà dé, mo lọ sùn síbẹ̀ kí n lè fi ojú ara mi rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ tí ó ń tọ́jú wọn dáná èéfín sẹ́nu ọ̀nà láti lé ẹ̀fọn. Ó so orí ẹṣin mọ́ òkè ògiri pẹ̀lú okùn kúkúrú kí ó má baà tẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ìdájí, ó gbá ilẹ̀ nígbà tí àwọn ẹṣin ṣì wà nínú ilé. Bí ẹṣin bá ń jẹko ní pápá, ilẹ̀ ni orí rẹ̀ máa ń wà, kèlẹ̀bẹ̀ a sì ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí a fa orí rẹ̀ sókè láti alẹ́ dòwúrọ̀ kò lè tú u dànù, ó sì tún ń mí èéfín àti eruku sí i. A tú okùn, a gbé oúnjẹ sílẹ̀, a kó iná kúrò, a sì ń wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó gbálẹ̀ lẹ́yìn tí ẹṣin bá ti jáde. Lẹ́yìn náà, a ṣí ṣóńṣó òrùlé páànù náà kí ooru lè máa gba ibẹ̀ jáde. Ikọ́ náà kò tún padà àfi nígbà ọyẹ́, tí eruku bá gba gbogbo ìlú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra oògùn kankan, ẹ wọ yàrá ẹṣin yín ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ lóṣòó níbi tí imú rẹ̀ máa ń wà. Bí òórùn ìtọ̀ bá ta yín lójú, ohun tí ẹṣin náà fi gbogbo òru mí nìyẹn. Oògùn ikọ́ ènìyàn kò lè tún ilé ṣe.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú fi í sílẹ̀ ní pápá tọ̀sán-tòru?

Ìdáhùn: Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn kòkòrò abìyẹ́ kéékèèké yẹn kò pọ̀, ó ṣeé ṣe, bí ọgbà bá dára tí kì í ṣe wáyà ẹlẹ́gùn-ún, bí ibòji bá wà, bí ó bá ní ẹlẹgbẹ́, tí ẹni tí ó ń ṣọ́ olè sì wà níbẹ̀. Ẹ gbé omi tí ó tó lítà 25 ó kéré tán síbẹ̀ lójúmọ́. Ẹ má yí oúnjẹ rẹ̀ padà lójijì láti koríko gbígbẹ sí tútù, tàbí láti tútù sí gbígbẹ, nítorí pé inú rírun ni ó ń bí.

Ìbéèrè: Ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó sì ń wo ìhà rẹ̀. Ṣé kí n dúró dòwúrọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró. Ẹ pe dókítà ẹranko ní òru yẹn gan-an, nítorí pé inú rírun ń pa ẹṣin kí ilẹ̀ tó mọ́. Bákan náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá rí i pé òkè ojú rẹ̀ wú tàbí pé ìfófòó ń jáde ní imú rẹ̀, nítorí pé ó lè jẹ́ àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ má fi agbára da àgbo tàbí epo sí i lẹ́nu, kí ó má baà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá jẹ́ inú rírun, tí ó sì gbà, ẹ rọra mú un rìn títí dókítà yóò fi dé, kí ẹ sì lè sọ ìgbà tí ó yàgbẹ́ kẹ́yìn, ohun tí ó jẹ, àti iye ìgbà tí ó ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì dúró jẹ́ẹ́, kì í mí ju ìgbà 8 sí 16 lọ.