Bí a ṣe ń fi èso kajú tí wọ́n ń dànù ṣe ọtí

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, òórùn èso kajú tó ń rà lábẹ́ igi ló máa ń kíni lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ọ̀mùò. Kóró ni àwọn oníṣòwò ń rà, nítorí náà àgbẹ̀ a yọ kóró, a da èso nù. Ẹ tọrọ rẹ̀, wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ yín.

Èyí tó já láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ ṣà. Èyí tó ti sun ilẹ̀ mọ́jú ti ń bu. Ọwọ́ lẹ ó fi yí kóró rẹ̀ kúrò, kì í ṣe ọ̀bẹ, torí òróró inú èèpo kóró yẹn máa ń bó awọ ara. Ẹ fi omi ṣan èso náà, ẹ má fi ọṣẹ kàn án, nítorí ara awọ rẹ̀ ni ìwúkàrà tí yóò sọ ọ́ di ọtí wà.

Ẹ gé e, ẹ gún un, ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì fún un. Odó iyán ni mo máa ń lò. Ẹ̀rọ ìlọta a máa lọ awọ rẹ̀ kúnná jù, omi rẹ̀ a sì korò. Kílò 10 lè mú omi bíi lítà 6 wá. Ẹ má gbé e sínú ìkòkò onírin, yóò dúdú. Ike ló dáa. Aṣọ àtijọ́ ni kí ẹ wọ̀ o, àbàwọ́n kajú kì í lọ.

Omi yìí yóò ṣì máa há ọ̀fun. Ẹ se ìrẹsì díẹ̀ títí yóò fi rà, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ tó ki, kí ó tutù. Lítà kan omi kajú gba bí ìdajì ife rẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ohun tó ń há ọ̀fun yóò rì sísàlẹ̀. Ẹ rọra da omi tó là kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó le díẹ̀ lè fi súgà agolo mílíìkì méjì sí lítà 5.

Ẹ wá dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó ku ìka mẹ́rin kó kún, torí yóò ru.

Ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Torí eṣinṣin, wọ́n á dé kẹ́ẹ̀gì pa. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára súgà kò ní dáwọ́ dúró torí pé ẹ dé e. Yóò wú kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi là. Tó bá jẹ́ ìgò ni, àfọ́kù á fò káàkiri yàrá, ó sì lè fọ́ni lójú. Mo mọ àwọn tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́n tó ṣì ń ṣe é.

Àwọn mìíràn á ṣí i sílẹ̀ gbayawu bí ẹni gbé emu kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta á wọ̀ ọ́, eṣinṣin á bà lé e, ọtí kíkan ni wọn yóò mu.

Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ní kẹ́míìsì. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí, ẹ ki rọ́bà bọ̀ ọ́, kí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú ike omi. Ẹ yọ́ àbẹ́là sí etí ihò náà. Bí kò bá sí rọ́bà, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún bàlúùnù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì.

Tí kò bá hó títí di ọjọ́ kejì, ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ emu ìlàjì ife sí i. Ẹ sọ fún ẹlẹ́mu pé èyí tí kò ní sákárínì lẹ fẹ́. Yíìsì búrẹ́dì náà ṣe é lò, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn òórùn rẹ̀.

Ẹ má máa ka ọjọ́, omi inú ike yẹn ni kí ẹ máa wò. Nínú ooru wa, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó tutù, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá yọ ìfóòfó mọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko, tí adùn súgà sì ti lọ, ó ti tó. Ẹni tó bá kánjú rọ ọ́ sínú ìgò ṣáájú ìgbà yìí ti padà sídìí àfọ́kù yẹn nìyẹn.

Ike tí wọ́n fi ń ta omi nìkan ni kí ẹ rọ ọ́ sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Tó bá ti le gbagidi, ẹ tú ìdérí díẹ̀ kí ó mí. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó pẹ́, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò, torí ooru yóò tún jí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ pa mọ́ sínú ike kan fún èyí tí ẹ ó tún ṣe. Ẹ ò ní wá ẹlẹ́mu mọ́.