Atọ̀sí ajá kì í ṣe atọ̀sí: ọjọ́ méjì tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ dókítà ní Ẹ̀pẹ́

Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà kò gbọ́ nǹkan kan nínú sosiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa àwùjọ, tí mo ń kọ́ wọn. Ìwé mi ni wọ́n fi ń bo ìwé anátómì, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, mọ́lẹ̀. Ìdánwò anátómì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ta ló ráyè Durkheim, àgbà onímọ̀ sosiọ́lọ́jì? N kò bínú. Èmi náà ń kàwé sí wọn létí bí ẹni ń ka orúkọ.

Nígbà tí wọ́n kó wọn wá sí Ẹ̀pẹ́ fún iṣẹ́ ìlera àwùjọ, mo tọrọ ọjọ́ méjì. Mo kọ́kọ́ lọ kí ìyálọ́jà ní Ọjà Olúwo. Èèyàn kì í ṣáà wọ ọjà ẹja kó máa bi oníṣòwò léèrè àìsàn ara rẹ̀. Màmá wò mí tìṣẹ́tìṣẹ́. "Ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ gún wa ni?" Mo ní rárá o, mà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà tó ń gbọ́rọ̀! Ẹ kó wọn wá jàre."

Mo ṣe àṣìṣe kan: aago méje àárọ̀ la dé, nígbà tí ẹja ń gúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wojú wa títí di aago mọ́kànlá.

Mo ti kìlọ̀ fún wọn. Ẹ má wọ aṣọ funfun, ẹ má kọ oògùn, ẹ má sì fún àìsàn lórúkọ kí ẹni tó ń ṣe tó sọ ọ́. Méjìméjì ni wọ́n lọ, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá wà pẹ̀lú ẹni tí kò gbọ́. Ìbéèrè tí mo fún wọn jọ èyí tí Arthur Kleinman, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ àwọn dókítà: Kí lẹ ń pe àìsàn yìí? Kí lẹ rò pé ó fà á? Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù níbẹ̀?

Ẹni tó mọ̀wé jù nínú wọn ló kọ́kọ́ rúfin. Bàbá apẹja kan ń tún àwọ̀n ṣe, ó ní, "Atọ̀sí ajá ló ń yọ mí lẹ́nu." Ọmọ yìí gbọ́ atọ̀sí, kò dúró gbọ́ ajá. Ó ní, "Bàbá, yàtọ̀ sí màmá, ta tún ni?" Ìyàwó bàbá tó ń ha ìpẹ́ ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá ọ̀bẹ dúró.

Èmi àti ọmọ náà la jọ dọ̀bálẹ̀. Inú ibùsùn ni atọ̀sí ti ń ranni. Ohun tí wọ́n ń pè ní atọ̀sí ajá ni kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀: inú omi tí kò níyọ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde lára ìgbín kéékèèké, tí yóò sì gba awọ ara wọlé. Iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe ló ń sọ fún wa, ọmọ yìí sọ ọ́ di ẹjọ́ àgbèrè. A ní kí bàbá gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Oògùn praziquantel wà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, a jókòó ti ìyá kan tó ń yan ẹja. Ikọ́ ń gbé e jó. "Wọ́n ní kí n sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ni yóò bá mi yí ẹja?" Ní 1951 ni Talcott Parsons, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àwùjọ máa ń yọ̀ǹda aláìsàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bó bá ṣáà ń wá ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wọn ní kíláàsì. Nínú èéfín yẹn, ọmọbìnrin kan kàn sọ pé, "Kò sẹ́ni tó yọ̀ǹda màmá." N kò fi kún un.

Nírọ̀lẹ́, ẹnì kan béèrè bóyá òyìnbó nìkan ló ń ronú báyìí. Mo sọ ti Adéoyè Lambo fún wọn, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà tó dé ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954, tó ní kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé nínú abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn tí yóò máa tọ́jú wọn, tó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Mo yí ìdánwò mi padà. Mo kọ ọ́ pé: bàbá apẹja kan ní atọ̀sí ajá ń yọ òun lẹ́nu, kí lẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Ọmọ ọjọ́ yẹn kọ̀wé sí ìlà àkọ́kọ́ pé, "Màá kí ìyàwó rẹ̀."