Àyè Wà, Fídíò Kọ̀ Kò Wọlé

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ìyá àgbà wa ní Ìsẹ́yìn ni ọmọkùnrin tó ya fídíò gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé. Inú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló wà, fáìlì kan ṣoṣo, 14 GB. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọjà, ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò ní wo ìsìnkú ìyá òun lójú fóònù, tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ lòun máa fi wò ó. Mo bá mú fíláàṣì mi jáde, 64 GB, ohun tó ṣófo nínú rẹ̀ ju 40 GB lọ. Mo ní kó da fídíò síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní rárá o, fáìlì yìí ti tóbi jù.

Ó tóbi jù báwo? Ṣé 14 ò wọ inú 40 ni?

"Bọ̀dá, fáírọ́ọ̀sì ti wà nínú fíláàṣì yín," ọmọkùnrin náà wí. Ní tiwa níbí, ohunkóhun tó bá ti ṣe kọ̀ǹpútà, fáírọ́ọ̀sì ni. Mo tẹ fíláàṣì náà ní ọwọ́ ọ̀tún máòsì, mo yan Properties, ni mo bá rí i: FAT32. Ojú tì mí díẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi sọ ọ́ di FAT32 lọ́dún tó kọjá, torí rédíò ọkọ̀ mi tí kì í ka òmíràn.

Ẹ wo káàdì alájọ. Ojú 31 ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá kó owó àádọ́ta ọjọ́ dání, tí àpò alájọ sì fẹ̀ tó ilé, ojú 31 náà ló máa fàlà sí lórí káàdì yẹn. Àpò ò kún, ojú ìwé ló tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni FAT32 rí. Òun ni ìwé tí fíláàṣì fi ń kọ orúkọ fáìlì, ibi tó wà, àti bó ṣe tóbi tó. Ojú 32 péré ló ní fún kíkọ títóbi yẹn, òdo tàbí oókan lójú kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tó sì tóbi jù tí wọ́n lè gbà ni 4,294,967,295. Báìtì, ẹyọ tí a fi ń wọn fáìlì, kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kó pé 4 GB. Nígbà tí FAT32 jáde lọ́dún 1996 pẹ̀lú àtúnṣe Windows 95, ta ló fẹ́ ní fáìlì tó tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ní háàdì dísìkì 2 GB nígbà yẹn ti lè fi yangàn.

Ohun tó kù ni kí n pààrọ̀ ìwé náà, ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó wà nínú fíláàṣì máa lọ. Fọ́tò ọmọ mi wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi, àmọ́ fíláàṣì náà ń fà bí ìgbín, ọmọkùnrin yìí sì ní òde mìíràn lágogo mẹ́rin. Mo ní kó má wulẹ̀ dúró de fíláàṣì, kí a fi wáyà fa fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà mi. 465 GB ni Windows ń pe háàdì dísìkì mi, bó tiẹ̀ jẹ́ pé 500 GB ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo ti bá ẹni tó tà á fún mi jà rí nítorí ìyẹn, láìjẹ̀bi ẹ̀: bílíọ̀nù kan báìtì ni ilé-iṣẹ́ ń pè ní GB kan, 1,073,741,824 ni Windows ń pè bẹ́ẹ̀.

Ráútà wà nílé, dátà ò sí nínú rẹ̀. Kò kan dátà. Kọ̀ǹpútà méjì tó wà lábẹ́ ráútà kan náà lè bára wọn sọ̀rọ̀ láìdé orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ṣí fóldà kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ mi lábẹ́ Sharing, ọmọkùnrin náà ki wáyà bọ ráútà. A ò ríra.

Mo tẹ ipconfig, àṣẹ tó ń fi àdírẹ́sì ẹ̀rọ hàn, sínú fèrèsé dúdú lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Tèmi ní 192.168.1.102. Tirẹ̀ ní 169.254.37.8. Bí ẹ bá ti rí 169.254, ẹ má wulẹ̀ wo ibòmíràn: ẹ̀rọ yẹn bèèrè àdírẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ló bá sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ráútà ló yẹ kó pín ojúlé fún wọn, àdúgbò 192.168.1 kan náà, kí nọ́ńbà ìkẹyìn nìkan yàtọ̀. Mo wo ẹ̀yìn ráútà. Ihò aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ WAN sí ló ki wáyà bọ̀, ihò tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Mo yọ ọ́, mo kì í bọ LAN, ihò tàwọn kọ̀ǹpútà inú ilé, ó di 192.168.1.103. Ó wá tẹ \\192.168.1.102, ó fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀rọ mi wọlé, fóldà sì yọjú.

MB 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń sáré. Ó ní kí ló dé tí ráútà tí wọ́n pè ní 100 ń ṣe 11. Bíìtì ni 100 yẹn, mo ní, mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 ló gbà, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo sọ fíláàṣì di exFAT, irú ìwé mìíràn tó lè gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, kò tó ìṣẹ́jú kan. (Quick Format kì í gbá ilé o, ìwé nìkan ló ń pààrọ̀. Ẹ má ta fíláàṣì tí fọ́tò yín wà nínú rẹ̀ torí pé ẹ ti ṣe é.) Fídíò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọjà, mo kì í bọ tẹlifíṣọ̀n, tẹlifíṣọ̀n ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Ọjà wò mí látòkè délẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ ni, exFAT tó dé lọ́dún 2006 ò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó yẹ kí n ti wo ìwé rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Mo padà, mo sọ ọ́ di NTFS, irú ìwé mìíràn tó ń gba fáìlì ńlá, tó ti wà láti 1993, mo tún da fídíò sí i, mo tún wọ ọ̀kadà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣí.

Ìyá Ọjà ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbé pósí jáde. Ó nu ojú. Nígbà tó di ibi àríyá, ó nàka sí rìmóòtù. "Dá a padà síbi tí mo ti ń jó."