Bí mo ṣe gba àjẹsára ikọ́ ajá fún Chihuahua mi lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ wú lọ́dún tó kọjá

Chihuahua ni Sùúrù, ajá mi. Kò wọ̀n ju kílò méjì ó lé díẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ọdọọdún rẹ̀, wọn ò sì tíì gbé e kúrò lórí tábìlì tí wọ́n fi kán àjẹsára ikọ́ ajá sí i nímú. Kennel cough ni wọ́n ń pe ikọ́ náà ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí mò ń gbé. Kò pẹ́ tí a délé ni ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú, ètè rẹ̀ tẹ̀lé e, ara rẹ̀ sì lé wúruwùru lábẹ́ irun. A sáré gbé e padà, wọ́n fún un ní oògùn, wíwú náà sì lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí ajá tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí wíwú fẹ́ gbà lójú rẹ̀ tí kò jìnnà sí ọ̀fun.

Lọ́dún yìí, mo fẹ́ lọ sílé lọ ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, ẹgbẹ́ wa ti dá aṣọ, mi ò sì lè gbé ajá dání. Ilé ìtọ́jú ajá tí mo fẹ́ fi í sí ní Kent ní àwọn ò ní gba ajá tí kò bá ní àkọsílẹ̀ àjẹsára ikọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti gbà á. Mi ò bínú sí wọn. Níbi tí ajá bá pọ̀ sí, tí wọ́n ń fi imú kan ara wọn, tí wọ́n jọ ń mu omi nínú abọ́ kan, ikọ́ yìí kì í pẹ́ ràn.

Àwọn kan tí àwọn náà ní ajá kékeré ní kí n pa àjẹsára imú yẹn tì, pé òun ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Mi ò pa á tì. Mo pe ilé ìwòsàn ẹranko wa, mo ní mo fẹ́ rí dókítà fún ọ̀rọ̀ nìkan, kì í ṣe fún abẹ́rẹ́. Mo san owó ìbẹ̀wò yẹn, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe kòkòrò kan ṣoṣo ló ń fa ikọ́ náà. Èyí tó lókìkí jù ni bakitéríà kan, Bordetella bronchiseptica, ìbátan gidi sí èyí tó ń fa ikọ́ àwúbì lára ọmọdé. Fáírọ́ọ̀sì parainfluenza ti ajá náà wà lára wọn. Ajá tó lágbára á wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ara rẹ̀ á sì yá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà èémí Chihuahua, Yorkie àti Pomeranian tóóró, eegun rírọ̀ tó gbé e ró sì máa ń dẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, débi pé ọ̀nà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé bí wọ́n bá ń wúkọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń so okùn mọ́ Sùúrù lọ́rùn. Àyà ni mò ń so ó mọ́. Ikọ́ tí kò da ajá ńlá láàmú lè sọ irú ajá yìí di ẹni tó ń wá èémí kiri.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi dókítà ni pé ṣé kò lè fún un ní ìdajì. Ó rọrùn láti rò bẹ́ẹ̀: ajá tó wọ̀n kílò méjì àti ajá tó wọ̀n kílò àádọ́ta, ṣé ìwọ̀n kan náà ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀n kan náà ni, 0.4 ml sínú ihò imú kan. Ó ní àjẹsára kò dà bí oògùn ara ríro tí a ń fi kílò díwọ̀n, pé ìwọ̀n tó ń ta ara jí kí ó lè mọ kòkòrò náà ni, àti pé bí a bá dá a sí méjì, ó ṣeé ṣe kí ajá gba ìnira rẹ̀ láì rí ààbò rẹ̀.

“Kí wá ni a lè ṣe, Dókítà?”

“Ẹ jẹ́ kí a pín wọn. Ẹ má gbà méjì lọ́jọ́ kan mọ́.”

Ó wá ṣàlàyé ìwádìí kan fún mi tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ajá tó ju 1,200,000 lọ wò, wọ́n sì wo ohun tó ṣe wọ́n láàrin ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n gba àjẹsára. Nínú 10,000 ajá, bíi 38 ni nǹkan ṣe. Bí ajá bá ṣe kéré tó ni ewu náà ń pọ̀ tó. Lára ajá tí kò ju kílò 10 lọ, àjẹsára kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tún fi kún un lọ́jọ́ kan náà ń fi ìdá 27 nínú 100 kún ewu náà. Lára àwọn tó ju kílò 12 lọ, ìdá 12 ni. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni ọkàn mi balẹ̀ pé ohun tí a fẹ́ ṣe ní ìdí. Ìdí kejì sì tún wà tí èmi fúnra mi rí: méjì tí a fún un pọ̀ lọ́dún tó kọjá, ta ló lè sọ èyí tó wú ojú rẹ̀? Imú ni gbogbo ayé ń nàka sí, ẹnì kan ò sì ní ẹ̀rí.

Oríṣi mẹ́ta ni àjẹsára ikọ́ yìí. Ọ̀kan ń gba imú, ọ̀kan ń gba ẹnu, ìkẹta jẹ́ abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ. Èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́ gba kí a gún ajá lẹ́ẹ̀mejì nígbà àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò sì wà láàrin wọn; àkókò ò sí fún ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń fún ajá lẹ́nu, Bordetella nìkan ló ń dènà. Ti imú ń dènà parainfluenza pẹ̀lú, ààbò Bordetella rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 72, nígbà tí ti parainfluenza ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A mú ti imú. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ gba ojú abẹ́rẹ́ wọ ara ajá láéláé. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Òwúrọ̀ ni mo gbà, àárín ọ̀sẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lálẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwòsàn ti tì. Mo ya fọ́tò ojú rẹ̀ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a tó jáde nílé, kí n lè fi wé e bí mo bá ń ṣiyè méjì. Mo tún ṣí ètè rẹ̀, mo wo àwọ̀ erìgì rẹ̀. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó funfun, kí n tó ka ení, èjì, ẹ̀jẹ̀ ti padà. Ẹ kọ́ èyí nígbà tí ara ajá yín dá, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n.

Nọ́ọ̀sì mú ìgò kékeré kan jáde nínú fíríìjì. Ẹ̀tù funfun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó po omi rẹ̀ mọ́ ọn, ó fà á sínú sírínjì, ó sì yọ abẹ́rẹ́ kúrò lórí sírínjì náà. Tówẹ́lì ni wọ́n fi wé Sùúrù, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Dókítà gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi ẹnu sírínjì ti ihò imú ọ̀tún, ó sì ń rọ̀ ọ́ sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò dà á sí i lẹ́ẹ̀kan. Ajá náà sín, ó mi orí, ó fi ahọ́n lá imú léraléra. Ó tán.

A ò lọ sílé. Mo ti tọrọ àyè ṣáájú pé kí wọ́n jẹ́ kí a jókòó, nítorí èyí tó burú jù, tí ara fi ń kọ àjẹsára lójijì, ìṣẹ́jú sí wákàtí díẹ̀ ló ń gbà kí ó tó yọjú. Ojú wíwú, ara lílé, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, erìgì tó funfun, ẹsẹ̀ tí kò gbé ajá mọ́: ọ̀kankan nínú wọn tó láti gbé ajá padà lójú ẹsẹ̀, torí adrenaline, oògùn tí wọ́n fi ń dá irú rẹ̀ dúró, wà lọ́wọ́ wọn, kò sí lọ́wọ́ mi. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé kí n má fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn ènìyàn rárá bí ojú bá wú, torí púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n po nǹkan mìíràn mọ́, irú bíi paracetamol, tó lè pa ajá kékeré.

Ojú rẹ̀ kò wú. Mo fi fọ́tò wé e lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, bákan náà ló rí.

Ohun tó wá lẹ́yìn náà ni imú tó ń ṣomi, sísín ní òwúrọ̀, àti ikọ́ gbígbẹ kan lóru bí ẹni tí eegun há sí lọ́fun. Mo pe dókítà. Ó béèrè bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń mumi, bóyá omi imú náà nípọn tàbí ó pọ́n. Ó ń jẹun, omi imú rẹ̀ sì mọ́. Ó ní irú èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn àjẹsára imú, pé yóò lọ fúnra rẹ̀, kò sì fẹ́ yára fún un ní antibiotic, nítorí kòkòrò tó wà nínú àjẹsára náà ni yóò pa. Bí ajá bá gba antibiotic láàrin ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àjẹsára, àfi kí wọ́n tún àjẹsára náà ṣe. A ní sùúrù, ikọ́ náà sì lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi lọ́dún tó kọjá wà nínú ìwé tó bá oògùn náà wá. Ajá tó gba ti imú lè máa tú Bordetella inú rẹ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni tí agbára ìdènà àrùn ara rẹ̀ bá sì ti lọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Sùúrù sì máa ń sùn sí nígbàkigbà tí wọ́n bá wá. Mo pè wọ́n, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá sílé wa. Èmi ni n ó máa wá sọ́dọ̀ yín.” Mò ń pààrọ̀ aṣọ, mò ń fọwọ́ dáadáa kí n tó lọ. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó yàn èyí tí ẹ máa gbà, pàápàá bí ẹ bá ní arúgbó tó ń lo oògùn líle nílé.

Mo lọ Ìjẹ̀bú, mo sì bọ̀. Ara Sùúrù le nílé ìtọ́jú náà.

Abẹ́rẹ́ leptospirosis nìkan ló kù fún un lọ́dún yìí, àrùn tí ìtọ̀ eku máa ń kó ran ajá, torí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún ti distemper àti parvo, àrùn ajá méjì mìíràn tó burú, ṣe níbí. Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí a gba ìyẹn. Dókítà kọ́kọ́ fún un ní oògùn tó ń dẹ́kun wíwú, a tún jókòó. Ètè òkè rẹ̀ wú díẹ̀ lápá kan, kò dé ojú, ó sì lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ajá kan ṣoṣo ni Sùúrù, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lára tiyín. Ṣùgbọ́n fún tiwa, imú tí gbogbo ayé ń nàka sí kọ́ ló ṣe é. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀, a ó sì jíròrò lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ewu eku ládùúgbò wa tó láti tún gún un.

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Veterinary Medicines Directorate pẹ̀lú, àjọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó oògùn ẹranko. Ẹni tó ni ajá lè ṣe é fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba, kò di dandan kí dókítà ṣe é. Ẹ ní orúkọ àjẹsára àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Orí sítíkà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ káàdì ajá yín ni wọ́n wà.