Ohun tí VPN ń bò lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, àti bí ẹ ṣe lè dí ibi tó ń jò

Bí ẹ bá ti tan dátà, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó tà á fún yín ni gbogbo nǹkan ń gbà kọjá. Ní Nàìjíríà, síìmù ti so mọ́ NIN, nítorí náà orúkọ yín gan-an ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ sórí ìkànnì tó ní https kò hàn sí wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìkànnì náà máa ń hàn, torí pé fóònù sábà máa ń béèrè àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́ DNS (ìwé-orúkọ ìntánẹ́ẹ̀tì, tó ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà àdírẹ́sì) ní gbangba. Àsìkò tí ẹ wọlé àti iye dátà tí ẹ jẹ pẹ̀lú ń hàn. Bí fóònù kan bá ń lọ sí ìkànnì ìtọ́jú HIV ní òru léraléra, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ní láti ka ojú-ìwé kankan kó tó fura.

VPN jẹ́ áàpù tó máa ń di gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè wo inú rẹ̀, á gbé e lọ sí server (kọ̀ǹpútà) tirẹ̀. Server yẹn, àsìkò àti iye dátà nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rí mọ́. Wọ́n lè mọ̀ pé VPN ni ẹ ń lò. Àmọ́ ẹni tó ni VPN ló wá jókòó síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jókòó sí tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ ṣọ́ra fún ti ọ̀fẹ́ gidigidi. Onavo Protect, VPN tí Facebook ń fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan, ń kó ìròyìn áàpù tí wọ́n ń lò jọ; ní 2018 ló kúrò lórí App Store lẹ́yìn tí Apple ta kò ó.

Lórí Android 8 sókè, ẹ wọ Settings, ẹ wá «VPN» níbẹ̀, ẹ tẹ àmì jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ VPN yín. Ẹ tan Always-on VPN àti Block connections without VPN. Ẹ má fo èkejì: láìsí i, bí VPN bá já nínú mọ́tò, fóònù á máa bá iṣẹ́ lọ ní ìhòòhò láì sọ fún yín.

Kí ẹ tó tan VPN, ẹ ṣí ipleak.net, kí ẹ kọ àdírẹ́sì tó gbé jáde sílẹ̀. Ẹ tan VPN, ẹ tún un ṣí. Bí orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ṣì wà lábẹ́ DNS, ó ń jò. Bí àdírẹ́sì gígùn tó ní àmì «:» kò bá yí padà, IPv4 (àdírẹ́sì àtijọ́ tó kúrú) nìkan ni VPN náà ń gbé. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ wọ Access Point Names, kí ẹ fi APN protocol sí IPv4, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà yín láyè.

WireGuard, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí VPN ń gbà ṣiṣẹ́, máa ń fi báìtì 60 kún pákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kékeré) kọ̀ọ̀kan lórí IPv4, ìyẹn bíi 4% lórí pákẹ́ẹ̀tì ńlá. Bí ìkànnì bá ń ṣí ní ààbọ̀, ẹ dín MTU (ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù) kù sí 1280 nínú ètò VPN náà. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn jù ni dátà WhatsApp olówó pọ́ọ́kú: nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní dá WhatsApp mọ̀ nínú VPN, dátà gidi ni wọn yóò gé.

Ìpè àti SMS kì í gba inú VPN kọjá. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fóònù yín so mọ́ sì ń fi àdúgbò tí ẹ wà hàn wọ́n, yálà VPN wà ní títàn tàbí ní pípa.